Ẹ Mánéèjì Ẹ̀

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí òyìnbó kó wọ̀lú, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá tó "mánéèjì". Láàárọ̀, ó ń bá mẹkáníìkì tún mọ́tò ṣe. Lọ́sàn-án, ó ń ránṣọ. Lálẹ́, ó ń gbàlejò ní pálọ̀ olówó, bí ara ẹnikẹ́ni ò bá sì yá, òun náà ni wọ́n máa bá ní ọsibítù. Ẹṣin ni ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ohun tí wọ́n sì ń fi pè ni kéèyàn kọ́ ẹṣin ní ìrìn, kó fọwọ́ darí rẹ̀ síbi tó bá wù ú. Láti orí ẹṣin ló ti bọ́ sí ilé iṣẹ́, ló bá di máníjà. Nígbà tó yá, òyìnbó tí owó oṣù rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ tó ń ṣún un ná tí oṣù fi ń parí, òun náà ní òun ń mánéèjì. Ibẹ̀ ni wọ́n gùn ún dé. Àwa la gba ìjánu lọ́wọ́ wọn.

Àtúnṣe tí a ṣe sí i kéré lójú, ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ ni ò kéré. Òyìnbó, ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ mọ́. Àwa, ẹlòmíì là ń sọ ọ́ fún: "Ẹ mánéèjì ẹ̀." Ẹni tó ti gbowó ló ń sọ ọ́, ẹni tó sanwó ló ń ṣe é. Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí i kó gba òdì kejì lọ.

Ẹ mú ti oníṣẹ́ iná. Ó ti ka gbogbo ohun tó nílò fún yín, ẹ ti sanwó wáyà. Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ló mọ̀ pé wáyà 1.5 mm, ti gílóòbù ni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ 2.5, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń mú omi ìwẹ̀ gbóná ń fẹ́ 4. Ṣùgbọ́n wáyà 1.5 ṣẹ́kù síbi iṣẹ́ àná, ibẹ̀ ni mánéèjì gbà wọlé. Ó fà á lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá, ó rẹ́ ẹ mọ́ ògiri, ó kùn ún lọ́dà, iṣẹ́ parí, ó sì dùn ún wò. Ẹ wá ki ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se omi tíì bọ̀ ọ́: òun nìkan ń fa nǹkan bí ampere 9. Áyọ́ọ̀nù fa 5. Ẹ̀rọ amúlétutù fa 6 lé e. Ogún ti dé orí wáyà tí kò yẹ kó gbé ju nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bíréékà já, torí nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ẹ pe oníṣẹ́ iná padà. Ó wò ó, ó mirí, ó ní bíréékà yìí gan-an ló ń dà yín láàmú, ó yọ ti 16, ó fi ti 32 dípò rẹ̀. "Ẹ mánéèjì ẹ̀ báyìí ná." Láti ọjọ́ náà, bíréékà ò já mọ́. Wáyà ló kù tó máa já, inú ògiri ló sì ti máa já, òórùn rọ́bà tó ń jó lẹ máa fi mọ̀.

Mẹkáníìkì ní tirẹ̀ kì í fi nǹkan kún nǹkan, yíyọ ló ń yọ. Mọ́tò ń gbóná jù. Ó lè jẹ́ páìpù rọ́bà ló ń jò, ó lè jẹ́ fáànù ni ò yí mọ́, ó sì lè jẹ́ ìdérí rédíétọ̀ ni ò dé dáadáa mọ́. Yíyẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan ń gba àkókò. Tẹ́mósítáàtì ló rọrùn jù láti dá lẹ́bi, torí kò lẹ́nu. Ohun kékeré yìí ló ń há omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí ooru rẹ̀ á fi tó nǹkan bí 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un lọ sí rédíétọ̀. Mẹkáníìkì yọ ọ́, ó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ní ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì ò wá gbóná tó bó ṣe yẹ mọ́, ó ń mu epo láìlójútì. Ẹ wọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ó tún gbóná jù, torí páìpù tó ń jò ṣì ń jò. Owó iṣẹ́ nìkan ló ti kúrò níbi tó wà.

Táyà tòkúnbọ̀ tiẹ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀ lára, kò fi pa mọ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 2315 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Ìjọba ti fòfin de kíkó táyà àlòkù ti mọ́tò kéékèèké wọ Nàìjíríà, àmọ́ òfin wà ní bọ́dà, táyà wà ní ìsọ̀. Ẹni tó ń tà á ti fi nǹkan dúdú pa á títí ó fi ń dán, ẹ rí i pé eyín rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, inú yín dùn. Eyín kọ́ ló ń darúgbó, rọ́bà ni. Ẹ tẹ ìsàlẹ̀ eyín náà, kẹ́ẹ wò bóyá ó ti sán wẹ́wẹ́. Tó bá ti sán, ooru ọ̀nà jíjìn ló kù tó ń dúró dè. Fọkanáísà mọ̀. Ó ní, "Ẹ mánéèjì ẹ̀ lọ kẹ́ẹ fi bọ̀," ó sì ṣàdúrà fún yín kẹ́ẹ tó gbéra. Àdúrà yẹn wà nínú owó táyà.

Ti télọ̀ ò gùn. Ó ní kẹ́ẹ mú yáàdì márùn-ún wá fún ìró àti bùbá, ẹ mú un wá. Bùbá ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde nínú ẹ̀, torí náà ó yí aṣọ po kó tó gé e, ẹyẹ tó wà lára àǹkárá wá ń forí sọlẹ̀ lẹ́yìn yín. Kò fi ààyè kankan sílẹ̀ lójú rírán, tó fi jẹ́ pé ẹ ò gbọdọ̀ sanra, ẹ ò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ.

Síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ṣì ń jẹ́wọ́ pé nǹkan ò pé. Ọ̀dọ̀ àwọn tí nǹkan pé fún ni mánéèjì ti di fáàrí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ jẹ́ kí àlejò wọlé tán, kó gbójú sókè wo iná olówó ńlá tó rọ̀ láti àjà. Ẹ má sọ̀rọ̀ kí ojú rẹ̀ tó débẹ̀. Ẹ wá mí kanlẹ̀, kẹ́ẹ juwọ́ sí gbogbo pálọ̀ bí ẹni ń lé eṣinṣin, kẹ́ẹ ní: "Ibí la ṣì ń mánéèjì o." Yàrá mẹ́fà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méje. Iṣẹ́ àlejò ni kó ké "Háà! Ẹ̀yin kẹ̀!" lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kó sì fọwọ́ pa àga. Bí àlejò bá ṣì í, tó fọwọ́ lẹ́rán, tó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sùúrù ni, Olúwa á pèsè tó dáa ju báyìí lọ," ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹran ò ní sí nínú oúnjẹ rẹ̀. Jíìpù wọn ni "mọ́tò tí mò ń mánéèjì". Ọmọ wọn tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù "ń mánéèjì lọ́hùn-ún". Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa gan-an, "A dúpẹ́" ló máa sọ. Kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ ìṣòro rẹ̀ di ẹ̀ṣọ́.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà bí, mánéèjìmẹ́ǹtì, ló wá le jù. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé fídíò ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta sórí Instagram ló ti ní in. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá darí ètò níbi ìgbéyàwó, ó ní kẹ́ẹ bá mánéèjìmẹ́ǹtì òun sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tó fún yín, inú fóònù kan náà ló wà, síìmù kejì ni. Ohùn tó gbé e nípọn díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ó ní òun fẹ́ wo kàlẹ́ńdà, ó dá yín dúró, ẹ sì ń gbọ́ ìyá kan lẹ́yìn tó ń kígbe pé kó wá pọnmi. Òṣèré ní ojú àánú, mánéèjìmẹ́ǹtì ò ní: òun ló máa gba ìdá 70 nínú 100 owó kí ẹnikẹ́ni tó jáde nílé.

Òun náà ló ń kọ pátákó sára ṣọ́ọ̀bù pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, àṣẹ mánéèjìmẹ́ǹtì. Ìyá kan àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní ti 2018, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Mánéèjìmẹ́ǹtì ò tíì kà á. Onílé náà ò tíì ka tirẹ̀: òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, ní wọn ò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó gba ti ọdún méjì, ó fi owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù lé e, ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò fún yín, ó ní kẹ́ẹ mánéèjì ẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn. Lóòótọ́, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní jò.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń sọ òótọ́, ibẹ̀ la ò sì ti gbà á gbọ́. Dókítà ní, "À ń mánéèjì bàbá fún ẹ̀jẹ̀ ríru." Lẹ́nu tiwọn, ìtọ́jú ni: wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń fún un lóògùn, wọ́n ń ṣọ́ bó ṣe ń lọ. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà ni àwọn ọmọ tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì gbọ́. Èyí ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún, àbúrò ń wá mọ́tò. Wọ́n gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní òun ò kí ń mánéèjì, ọjọ́ méje lòun fi ń wò ó sàn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 170/100, tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ tó fi bọ́ sí 125/80, oògùn ló dì í mú síbẹ̀. Tó bá rí 125 lójú ẹ̀rọ, tó ní ara òun ti yá, tó pa oògùn tì, yóò tún gòkè padà. Lọ́dọ̀ dókítà nìkan la ti ń jà pé a ò mánéèjì.

Àwọn tó já pa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ń bá a pàdé lọ́nà míì. Òyìnbó rí i pé ẹrù wúwo lọ́wọ́ wọn, ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè mánéèjì. Ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, wọ́n rò pé ó ń fojú tálákà wo àwọn. Èyí tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù, wọn ò kà á sí: ìgbà tí ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ sí í mánéèjì èèyàn jáde, ìpàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fọ́ọ̀mù lórí fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ tí ọwọ́ ò lè ká, títí onítọ̀hún á fi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́.

Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí lè yíjú padà sẹ́ni tó ń sọ ọ́, kó wọ dánfó ní Ọ̀ṣòdì. Ìjókòó ẹni mẹ́ta, kọ́ńdọ́ ní mẹ́rin-mẹ́rin ni. Ẹni kẹrin fi ìdí kan jókòó, ìdí kejì wà nínú afẹ́fẹ́. "Ẹ mánéèjì, a ti fẹ́ẹ̀ dé." Ọkọ̀ ò tíì gbéra. Tó bá di ti ṣéńjì, ó so èrò méjì tí wọn ò mọra rí pọ̀ mọ́ 1000 náírà kan, ó ní kí wọ́n mánéèjì ara wọn nílẹ̀. Kí èrò kan wá dán an wò: owó ọkọ̀ jẹ́ 500, kó na 400 sí i, kó ní, "Kọ́ńdọ́, mánéèjì ẹ̀." Ọkọ̀ á dúró. Dírẹ́bà tí kò gbọ́ "Ó wà o" ní bọ́sítọ́ọ̀pù mẹ́ta á gbọ́ èyí kedere. Kọ́ńdọ́ á béèrè bóyá mánéèjì ni wọ́n ń rọ sínú táǹkì. Àwọn èrò tó kù, tí wọ́n ti ń fi ìdí kan jókòó bọ̀, á dá sí i, gbogbo wọn á sì gbè sẹ́yìn kọ́ńdọ́: "Ẹ fún un lówó ẹ̀ jàre, ṣé ìyẹn náà ṣe é mánéèjì ni?"