Ẹ má fọ owó fàdákà ọba Faransé yẹn

Ìkòkò tó bá dúdú, eérú àti kànìnkàn ló kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rò ó nípa owó fàdákà àtijọ́: bó bá ti dúdú, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ kó lè dán, owó ńlá ni wọ́n á fi rà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fífọ̀ yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́, kò sì sí àtúnṣe.

Ẹ mú écu, owó fàdákà ńlá Louis XVI ọba Faransé, tí wọ́n rọ láti 1774 sí 1792. Ó wúwo tó gíráàmù 29.5, ìdá 11 nínú 12 rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà. Wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu, torí náà ọjọ́ orí nìkan kò sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Lẹ́tà kékeré tó ń sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ ni àwọn tó ń kó o jọ ń wò (A ni Paris, L ni Bayonne, BB ni Strasbourg), àti bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Ara yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí òǹtẹ̀ gbá fàdákà náà, ó ṣàn díẹ̀, ó sì fi àwọn ìlà tíntìntín sílẹ̀ tí ojú lásán kò rí. Àwọn ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa yí lójú owó bí ẹ bá ń dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Dúdú tó bò ó, imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló dàpọ̀ mọ́ fàdákà. Fàdákà wà nínú dúdú náà. Ẹni tó bó o kúrò, awọ owó ló bó. Oògùn ìfọ fàdákà pàápàá ń jẹ àwọn ìlà yẹn.

Ẹ lè rí écu tó ní ìlà gbọọrọ lórí àwòrán asà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n họ ọ́. Ẹ má bẹ̀rù. Ilé ìrọwó ló fá a, nígbà tó wúwo ju òṣùwọ̀n òfin lọ, kí wọ́n tó tẹ orí ọba sí i. Òǹtẹ̀ sì pa lára àwọn ìlà náà rẹ́. Ti búrọ́ọ̀ṣì yàtọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó sì gba orí ohun gbogbo kọjá, láti imú ọba dé inú lẹ́tà. NGC àti PCGS, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ owó wò, á kọ ọ́ sára ìwé pélébé inú ike tí wọ́n fi owó náà sí pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọn ò sì ní fún un ní nọ́ńbà tó ń sọ bí ara owó ṣe dára tó, bíi tàwọn yòókù.

Bó bá jẹ́ epo tàbí gọ́ọ̀mù ló lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rì í sínú ojúlówó acetone, omi oògùn tó ń tú epo, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe é nítòsí iná, ẹ má sì fi nǹkan kan nù ún. Dúdú rẹ̀ á ṣì wà, ẹ fi sílẹ̀. Etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, níbi tí wọ́n kọ àdúrà fún ọba sí: DOMINE SALVUM FAC REGEM, Olúwa, gba ọba là.