Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àyíká àti àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò múra nílé, kò lè dé òde tán kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tó máa fi ṣoge. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ohun tí mo fẹ́ fi òwe yìí sọ ni pé iṣẹ́ sólà, àtúnlò ike, ìtọ́jú omi àti igi gbíngbìn, tí wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ sí kiri báyìí, àdúgbò wa ló yẹ kí ọmọ ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n, kó tó máa kọ̀wé wáṣẹ́.

Àwọn baba wa mọ ọ̀nà yìí. Tí wọ́n bá bẹ ọ̀wẹ̀, ọmọ tó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ kì í kàn ṣe olóko lóore. Ẹ̀gbẹ́ àgbà ló ń dúró sí, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ ebè tí àgbàrá kò ní wó. Kí oòrùn tó wọ̀, iṣẹ́ olóko ti yanjú, ọmọ náà sì ti mọ nǹkan kún èyí tó mọ̀. Ẹ má gbàgbé pé olóko ló ń bọ́ gbogbo wọn. Ọmọ tí kò rówó ọkọ̀, tí kò tíì jẹun láti àárọ̀, kò lè fi oṣù mẹ́ta sin àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Àdúgbò tó bá fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó wá oúnjẹ àti owó ọkọ̀ fún un.

Èyí tí à ń ṣe lóde òní ń kọ mí lóminú. A ó kó ọ̀dọ́ jọ, a ó pín fìlà àti ẹ̀wù fún wọn, wọ́n á kó gọ́tà, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ìdọ̀tí tí wọ́n kó sétí gọ́tà, òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ ló máa gbá a padà sínú ẹ̀. Kí ni ọmọ náà kọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ àdìrẹ, tí gbogbo ayé fi mọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Kí sódà tó dé, omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń re aró. Sódà ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò báyìí, tí wọ́n bá sì ṣe tán, gọ́tà ni omi ẹ̀ ń gbà lọ. Ẹ fi pépà litmus pupa, pépà ìdánwò tó máa ń di búlúù nínú omi tó bá mú bíi ti eérú tàbí sódà, bọ omi yẹn, wéré ló máa di búlúù. Òótọ́ ni pé omi eérú náà á sọ ọ́ di búlúù, ṣùgbọ́n sódà le jù ú lọ fíìfíì, kò sì dáa fún ẹja àti irúgbìn. Ẹ wá fi ọ̀dọ́ mẹ́wàá ti ọ̀gá kan tó mọ̀ nípa omi, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tó wà ní Alábàtà báyìí, kò kúkú jìnnà sí wa. Kí wọ́n máa bu omi láti gọ́tà dé gọ́tà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá aláró, kí wọ́n jọ wá bí omi aró á ṣe kọ́kọ́ dúró sínú kòtò tí wọ́n rẹ́, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ kó tó jáde. Àwọn ìyá yẹn ti wà nídìí aró tipẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan lọ máa pàṣẹ fún wọn. Àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ọ̀tà àti Àgbárá náà ní omi ìdọ̀tí tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó tú u síta. Ọmọ tó ti ṣe é ní Ìtòkú kò ní ṣàjèjì níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iná sólà ilé ìwòsàn àdúgbò. Kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí wọ́n fẹ́ lò: gílóòbù 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, tó bá tàn fún wákàtí 6, wáàtì-wákàtí 300 nìyẹn, fáànù wáàtì 60 fún wákàtí 8 jẹ́ 480, àpapọ̀ ẹ̀ 780. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìṣirò yìí, bátìrì tó kéré ló máa rà, òru ọjọ́ tí aláboyún ń rọbí ni iná sì máa kú. Kí wọ́n kọjú páńẹ́ẹ̀lì sí gúúsù, kí òjìji igi má bò ó, kí wọ́n sì máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú ẹ̀.

Àwọn àgùnbánirọ̀, tí ètò wọn ti wà láti 1973, ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń sin ìlú. Ẹ lọ bá wọn, ẹ béèrè ẹni tó kọ́ iṣẹ́ iná nínú wọn, kó wá kọ́ àwọn ọmọ yín. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tó ń kọ iṣẹ́ tó ṣe sí, ọjọ́ tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é àti ọ̀gá tó dúró tì í. Kí alága àdúgbò máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá lọ wáṣẹ́, ìwé yìí ni kó gbé síwájú wọn pẹ̀lú sàtífíkéètì rẹ̀.