Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kánsù dé Aláùsá, gọ́tà wa ńkọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, òjò Sátidé ló wá tú u síta. Omi wọlé wa ní Ṣómólú, ó dé orúnkún, a gbé mátírẹ́ẹ̀sì lé orí tábìlì, a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi lé orí bẹ́ẹ̀dì, àwọn fúnra wọn wà lórí àpótí, wọ́n káṣọ sókè, wọ́n ń ka sáàmù. Ibi tí mo ti ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi síta ni mo ti rántí Bàbá Kánsẹ́lọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè wọ́n dòní. 1999 ni wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bíi kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, ìgbà tí sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀, mo ṣì wà ní prámárì. Wọn ò kọ́lé, face me I face you ni wọ́n ń gbé, yàrá wọn dojú kọ tiwa, balùwẹ̀ kan náà la jọ ń lò. Aago márùn-ún ìdájí làwọn èèyàn á ti máa kan ilẹ̀kùn wọn, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ á ní àwọn kan kó igbá òun lọ, ẹlòmíì fẹ́ gba lẹ́tà lókà góómẹ́ǹtì fún ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì, ẹlòmíì ń wá ìwé ẹ̀rí ìbí. Wọ́n á jáde tàwọn ti síńgílẹ́ẹ̀tì, pákò lẹ́nu, ìwé nóòtì ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́, èyí tí wọ́n tẹ times table sẹ́yìn ẹ̀. Tí NEPA bá ti múná lọ, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n bá àwọn di tọ́ọ̀ṣì mú, mo sì máa ń yọjú wo ohun tí wọ́n ń kọ. Ojúlé 9, omi ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ojúlé 14, iyanrìn ti dí gọ́tà. Ojúlé 22, ọmọ méjì ò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Gbogbo àdúgbò ló wà nínú ìwé yẹn, wọn ò fo ojúlé kankan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ ọ́ níbi gbogbo pé ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣòfin l'Aláùsá, ní Ilé Aṣòfin Èkó, kó kọ́kọ́ lọ ṣe kánsẹ́lọ̀ ná. Mi ò sọ pé gbogbo kánsẹ́lọ̀ ló dáa o, a ti rí èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ tó wọlé la rí i gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀, kò síbi téèyàn fẹ́ sá sí, àwọn tó dìbò fún ẹ mọ yàrá ẹ, wọ́n mọ ìgbà tó o máa ń lọ wẹ̀, tí gọ́tà bá kún, omi á wọ ilé tìẹ náà. Ẹ̀kọ́ yẹn, ẹni tí wọ́n kàn ti ilé olówó fa tíkẹ́ẹ̀tì lé lọ́wọ́ ò lè rí i kọ́ níbì kankan.

Ẹni tá a lè fi ṣe àpẹẹrẹ ò jìnnà, Mudashiru Ọbasá, ọmọ Agége. 1999 lòun náà wọlé gẹ́gẹ́ bíi kánsẹ́lọ̀ ní Agége, ó ṣe é títí di 2002, ó lọ kàwé gboyè lọ́yà ní LASU, 2007 ó wọ Ilé Aṣòfin Èkó fún Agége Kìíní, wọn ò sì tíì yọ ọ́ nípò aṣojú yẹn látìgbà yẹn, 2015 ló di Speaker. Ogójì èèyàn péré ló ń jókòó nínú ilé yẹn fún gbogbo Èkó tá a pọ̀ tó báyìí, kí ọmọ tó ti wọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ wá di olórí wọn, kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mo gba ti ọkùnrin náà níbi yẹn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gun àkàbà láti ìsàlẹ̀. Lóṣù kìíní 2025 táwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yọ ọ́, tí wọ́n fi Mojisola Meranda sípò, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ Speaker l'Ékòó, inú mi dùn sí obìnrin yẹn, mi ò ní parọ́. Ìgbà tó di oṣù kẹta ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, Ọbasá padà sórí àga. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko! WhatsApp ò sinmi, nínú dánfó ni o, níbi ìnáwó ni o, ta ló máa jókòó, ta ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méje yẹn mi ò gbọ́ kẹ́nì kan l'ádùúgbò wa béèrè pé, ta ló máa bá wa dá sọ́rọ̀ owó kánsù nínú gbogbo wọn?

Torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìwé òfin 1999, ẹ lọ wò ó, ó to iṣẹ́ kánsù kalẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtí, fíforúkọ ọmọ sílẹ̀, títì àdúgbò àti gọ́tà. Ó dárúkọ gọ́tà o! Ó wá ní Ilé Aṣòfin sítéètì ló máa sọ irú títì àti gọ́tà tó jẹ́ ti kánsù. Ẹ tún ṣí i dé abala 162, owó tí Àbújá bá ń fi ránṣẹ́ sáwọn kánsù, ó ní inú àkáǹtì kan tí sítéètì ń bójú tó ni kó máa wọ̀, kí Ilé Aṣòfin yìí náà sì máa ṣòfin bí wọ́n á ṣe pín in. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ọwọ́ ilé yẹn ni kọ́kọ́rọ́ wà, àwọn tó ti ṣe kánsẹ́lọ̀ rí nínú wọn sì mọ ohun tójú kánsẹ́lọ̀ ń rí, tó jẹ́ pé á kọ ojúlé 14 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá tí kò ní sówó tí wọ́n á fi gbé iyanrìn.

Nǹkan kan tiẹ̀ wà tí mi ò lè gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ń tún ìwé òfin ṣe kẹ́yìn, àbá pé kí kánsù máa dá ná owó ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé aṣòfin sítéètì 36, ó yẹ kí 24 fọwọ́ sí i, kò pé. Ṣùgbọ́n àbá pé káwọn ilé aṣòfin fúnra wọn máa dá ná owó tiwọn, ìyẹn pé kíá, Buhari sì buwọ́ lù ú lóṣù kẹta 2023. Àwọn èèyàn tó gbà pé òmìnira dáa fún àwọn fúnra wọn, kí ló dé tí ò dáa fún kánsù táwọn kan nínú wọn ti jáde? Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù wá sọ ọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tààrà. A jó, a yọ̀. 2025 fi ń parí, wọ́n ṣì ń fa ọ̀rọ̀ bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́wọ́. Láàárín ẹ̀ náà la dìbò kánsù, ọjọ́ 12 oṣù keje 2025, APC kó gbogbo àga alága, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta gbáà. Mo lọ dìbò o, kí n tó tẹ̀ka mo ka àwa tá a wà lórí ìlà, a ò pé ogún, àwọn ọmọdé sì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìbò. Mi ò bú àwọn tó jókòó sílé, torí kí ni wọ́n fẹ́ dìbò fún kánsẹ́lọ̀ tí ò lówó lọ́wọ́ sí? Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ yìí, ibẹ̀ làwọn aṣòfin 2031, 2035 ti ń jáde wá, irú ẹni tá a bá gbà fún níbẹ̀ náà la máa bá l'Aláùsá.

Họ́nọ́rébù wa, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ka èyí, kẹ́ ẹ tó wá tọrọ ìbò 2027, ẹ gbé àbá kan lọ síwájú ilé lórí àkáǹtì owó kánsù yẹn, kẹ́ ẹ ka orúkọ àwọn tó bá ta kò ó fún wa. Ìrẹsì o, áńkárá o, a ò fẹ́.

Bàbá Kánsẹ́lọ̀ ò dé Aláùsá. Wọ́n du tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní wọn ò lówó, ó parí síbẹ̀. Nígbà tí òjò dá lọ́jọ́ Sátidé, mo bá wọn níta, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn nínú gọ́tà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í lẹ̀." Wọ́n ní, "Lọ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ọmọ mi, ojúlé 14 ló kọ́kọ́ dí, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀." Mo wọlé lọ mú un. A ò tíì kó o dé ojúlé 9 tílẹ̀ fi ṣú.