Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìrìnnà Ọjọ́ Pride

Bí oṣù Karùn-ún bá ti ń lọ sópin ní London, irú ọ̀jọ̀gbọ́n kan a máa yọjú tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan kò fún ní oyè. Òun ni alétò ìrìnnà ọjọ́ Pride. Kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ayẹyẹ náà, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó kàn fẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ wo Pride, ìwọ́de ọdọọdún àwọn LGBT (ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀), ní àárín ìlú lọ́jọ́ Sátidé kan ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó gbé ka ara rẹ̀ lórí: ó ti dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, ó ti pín iṣẹ́ fún olúkúlùkù, ó sì ti ṣe tábìlì kan sórí Excel, níbi tí ọ̀nà kìíní, ọ̀nà kejì àti ọ̀nà "bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú" ti wà ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ṣé kò ní rọrùn kí gbogbo wọn kàn pàdé níbẹ̀, èmójì kan ṣoṣo ni yóò fi dá a lóhùn, onítọ̀hún yóò sì mọ̀ pé òpè lòun.

Ìran wo gan-an ni wọ́n ń lọ wò? Láti Hyde Park Corner ni ìwọ́de náà ti máa ń gbéra, a gba Piccadilly, a sọ̀ kalẹ̀ sí Haymarket, a kọjá ní Trafalgar Square, a sì parí sí Whitehall. Gbogbo rẹ̀ kò tó máìlì méjì. Kí ènìyàn lè fojú rí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rin ìwọ̀nba yìí ni alétò wa ṣe gbé ètò kalẹ̀ tó ní ọkọ̀ ojú irin mẹ́rin, bọ́ọ̀sì méjì, àti kẹ̀kẹ́ tí wọn yóò háyà bí ó bá pọn dandan.

Covent Garden, ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan ní àárín ìlú, ni ọgbọ́n rẹ̀ ti ga jù. Ó ti gbọ́ pé èrò a máa pọ̀ púpọ̀ ní Piccadilly Circus àti Charing Cross lọ́jọ́ náà, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn òun sọ̀ ní Leicester Square, kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n wọ òmíràn lọ sí Covent Garden, kí wọ́n wá fẹsẹ̀ rìn padà. Mítà 260 péré ló wà láàrín ibùdó méjèèjì. Kò sí ibùdó méjì tó tún súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London. Ọkọ̀ náà kò tíì sáré tán tó fi ń dúró. Bí wọ́n bá débẹ̀, ìlà àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè á ti gùn, alétò á sì fi ìdùnnú kéde pé àtẹ̀gùn wà. Irọ́ kọ́, àtẹ̀gùn wà: 193 ni, ó sì lọ́ po láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹni tó wọ bàtà gogoro, tó so ìyẹ́ aláràbarà mọ́ ẹ̀yìn, ni yóò gùn ún nínú ooru oṣù Keje, tí ọ̀dà dídán tó fi kun ojú á máa ṣàn wọ ọrùn, tí ẹni tó tẹ̀ lé e á sì máa fi imú gba ìyẹ́. Kí wọ́n tó yọrí síta, àwọn tí kò létò, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Leicester Square, ti ra omi, wọ́n ti mu ún, wọ́n sì ti ju ike rẹ̀ nù.

N kò ní pẹ́ lórí ooru inú ọkọ̀. Central line àti Northern line, méjì nínú ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà, kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Elizabeth line, tí wọ́n ṣí ní 2022, ní tirẹ̀. Alétò mọ èyí, òpó kan sì wà nínú tábìlì rẹ̀ tó pè ní "òógùn".

Ti bọ́ọ̀sì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ilé iṣẹ́ ìrìnnà ìlú ti kun àwọn bọ́ọ̀sì kan ní àwọ̀ òṣùmàrè, àmì àwọn LGBT, rí láti bá wọn yọ ayọ̀ Pride, ó sì dára. Àmọ́ lọ́jọ́ ìwọ́de gan-an, títì ti dí, ibòmíràn ni wọ́n ń darí bọ́ọ̀sì gbà, yálà èyí tí wọ́n kùn tàbí èyí tí wọn kò kùn. Bọ́ọ̀sì 12, tí àwọn ará wa ní Peckham máa ń wọ̀ lọ sí Oxford Circus, Trafalgar Square ló máa ń gbà kọjá. Ẹ fojú inú wo màmá oníṣọ́ọ̀ṣì kan tó kàn fẹ́ lọ ra bàtà ní Oxford Street, tí awakọ̀ wá sọ fún un pé ibi tí òun ń lọ mọ nìyí. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi àsíá òṣùmàrè ṣe ìborùn á jọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á jọ pòṣé, wọ́n á sì jọ máa bú awakọ̀. Ohun tí ìwàásù àti ìwọ́de kò tíì lè ṣe láàrín àwọn méjèèjì, bọ́ọ̀sì tó yà gba ibòmíràn ti ṣe é kí wọ́n tó dé orí afárá.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de yìí ńkọ́? Ọjọ́ 1 oṣù Keje 1972 ni, Sátidé tó súnmọ́ àyájọ́ rògbòdìyàn Stonewall, níbi tí àwọn LGBT ti kọjú ìjà sí ọlọ́pàá, tó ṣẹlẹ̀ ní New York ní 1969. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ló rìn láti Trafalgar Square lọ sí Hyde Park, òdìkejì ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lónìí. Ọdún márùn-ún péré ṣáájú ni òfin 1967 ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin kúrò lábẹ́ ẹ̀wọ̀n ní England àti Wales, ìyẹn bí wọ́n bá ti pé ọdún 21, tí wọ́n sì wà níkọ̀kọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ní láti rò kí wọ́n tó jáde nílé ni bóyá ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ yóò rí wọn, bóyá ìyá wọn yóò gbọ́. Lónìí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ gan-an ló wà níwájú, tí báńkì rẹ̀ kun àmì ara rẹ̀ ní òṣùmàrè bí ẹni tó ra aṣọ ẹbí, tí yóò sì bọ́ ọ sílẹ̀ kí oṣù náà tó tán. Èmi kò bínú sí i. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń bẹ̀rù kò ní Excel, ẹni tí kò ní ohun kankan láti bẹ̀rù ló ní ín.

Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù, tí ìwọ́de bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ alétò á ṣì wà lẹ́yìn ògìdìgbó èrò, níbi tí wọ́n ti ń rí ṣóńṣó àsíá àti orí ọkùnrin gíga kan tó kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á fetí gbọ́ ìlù, wọ́n á na fóònù sókè láti ya àwòrán ohun tí ojú wọn kò rí. Kò pẹ́, alétò á wo tábìlì, á ní ó tó àkókò, pé kí wọ́n máa lọ kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Inú ọkọ̀ ni wọ́n á ti wo ìwọ́de náà lórí fóònù, tí wọ́n á máa sọ pé ó mà dùn o. Nígbà náà ni alétò á gbóhùn sókè pé Pride ti Brighton, ìlú etí òkun kan, ń bọ̀ lóṣù Kẹjọ, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ọkọ̀ tó lọ tààrà: òun ti rí ọ̀nà kan tó yà gba ìlú Lewes.