Fídíò góòlù kì í bá èèyàn wọ pápá

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo ń rí gbogbo fídíò tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, orin lábẹ́ rẹ̀, góòlù lórí góòlù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi han àwọn ẹgbẹ́ tó wà lọ́dọ̀ yín." Mo máa ń wò ó tán, torí èmi náà ti ní irú rẹ̀ rí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ òkèèrè. Nọ́ńbà 9, ti ẹni tó ń wá góòlù níwájú, ni mo máa ń wọ̀, ẹgbẹ́ mẹ́fà ni mo sì ti bá ṣe. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, méjì péré ló san owó mi pé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn létí.

Góòlù tí ẹ gbá nílé, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbá a. Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn nígbà tí mò ń bọ̀. Atamátàsé ni wọ́n ń pè wá, àmọ́ ẹni tó ń ta ọfà kọ́ ló ń rọ ọ́. Nílé, ẹni tó ń gbá apá ọ̀tún ti mọ̀ mí láti kékeré. Bó bá ti tẹrí ba báyìí, mo ti ń sáré lọ, bọ́ọ̀lù á sì bá mi níbẹ̀. Mo dé òkèèrè, eré àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 68 ni mo lò lórí pápá. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ẹsẹ̀ mi kan bọ́ọ̀lù. Mẹ́ta nínú rẹ̀, àwọn alátakò ló gbá góòlù sílé wa tí mo ní láti tún eré bẹ̀rẹ̀ láàárín pápá!

Mo rò pé akọ́nimọ̀ọ́gbá á bá mi kẹ́dùn pé wọn ò gbá bọ́ọ̀lù sí mi. Rárá o. Ohun tó bi mí ni ìdí tí mi ò fi sáré dí ẹni tó wà lẹ́yìn àwọn alátakò lápá òsì, kí bọ́ọ̀lù lè gba apá ọ̀tún jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bú mi ni. Èmi tí mo wá gbá góòlù? Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kó tó yé mi pé níbẹ̀, nọ́ńbà 9 ni ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá dùn bí oyin tí o ò mọ ìgbà tó yẹ kó o sáré lọ dí èèyàn, orí bẹ́ǹṣì lo máa wà. Èdè tún wà ńbẹ̀. Wọ́n á pariwo lẹ́yìn rẹ pé ẹnì kan ń bọ̀, o ò gbọ́, wọ́n á ti já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ rẹ.

Ẹ tún gbọ́ ti ìṣirò. Bí atamátàsé bá gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá sójú ilé, bí ẹyọ kan ló ń wọlé. Ìyẹn ni pé ẹ nílò eré púpọ̀ kí ọwọ́ yín tó rọ̀, eré púpọ̀ yẹn gan-an ni wọn kì í fún àlejò. Ọmọ onílùú lè ṣe eré mẹ́jọ láì gbá góòlù kan, wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́. Èmi ṣe márùn-ún, wọ́n ti gba ipò mi.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé torí mi ò mọ̀ ọ́n gbá ni, ẹ wo àwọn tó jù mí lọ fíìfíì. Rashidi Yekini gbá góòlù 21 ní líìgì Pọtugí ní sáà 1993/94, òun ló gba oyè ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì gbá góòlù sílé Bọ̀gáríà níbi Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà ní 1994. Ó kúrò ní Vitória Setúbal, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pọtugí, lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì lọ́dún kan náà. Ẹsẹ̀ kan náà, ọkùnrin kan náà, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti Setúbal mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kó lọ sí Sípéènì. Victor Osimhen ńkọ́? Ó wọ Wolfsburg ní Jámánì ní 2017, kò gbá góòlù kankan wọlé fún wọn ní líìgì. Wọ́n yá a fún Charleroi ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó gbá 20. Nígbà tó di sáà 2022/23, ó gbá 26 ní líìgì Ítálì ní sáà yẹn nìkan, Napoli sì gba ife líìgì tí wọn ò rí gbà láti 1990. Òun rí ibi tí wọ́n ti fún un láyè. Àwọn tí kò rí Charleroi tiwọn, ẹ ò lè mọ orúkọ wọn. Mo mọ mẹ́rin nínú wọn, a jọ gbé yàrá ni.

Kí n tó débẹ̀ rárá ni wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Arákùnrin kan ní éjẹ́ǹtì tó ń bá agbábọ́ọ̀lù wá ẹgbẹ́ lòun, ó gbowó ìdánwò bọ́ọ̀lù, owó físà àti owó hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ àwa mẹ́rin. A dé ẹnu géètì ẹgbẹ́ náà, ẹ̀ṣọ́ wo ìwé rẹ̀, kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́. FIFA ti fagi lé ìwé àṣẹ éjẹ́ǹtì ní 2015, wọ́n dá a padà ní 2023, èèyàn sì gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kó tó gbà á. Orúkọ àwọn tó ní in wà lórí ìkànnì FIFA, ẹ lọ wá a níbẹ̀. Lẹ́tà ìpè tó bá dé, ẹ pe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà fúnra yín, ẹ má pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, òfin kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àfi láwọn ọ̀nà díẹ̀, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ gé ọjọ́ orí, kò kàn mí, àmọ́ orúnkún mọ ọdún tí wọ́n bí i.

Ìwé àdéhùn ló dùn mí jù. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni tàkọ́kọ́, ibi tí iye owó wà nìkan ni mo kà. Mi ò rí ìlà tó fún ẹgbẹ́ nìkan lágbára láti fi ọdún méjì kún un lówó kan náà. Mi ò rí i pé ìdajì owó tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, orí góòlù ni wọ́n gbé e kọ́, èmi tí wọn ò jẹ́ kí n wọ pápá. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta tí wọn ò san kọ́bọ̀, inú bí mi, mo di ẹrù, mo lọ. Mi ò kọ lẹ́tà kankan. Wọ́n ní èmi ni mo da àdéhùn. Bẹ́ẹ̀, òfin FIFA sọ pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, kó kọ̀wé sí wọn, kó fún wọn ní ó kéré tán ọjọ́ 15. Bí wọn ò bá san án, ó lè kúrò ní tirẹ̀, kó sì gbé ẹjọ́ lọ kí ọdún méjì tó pé. Lẹ́tà ojú ìwé kan ì bá gbà mí. Òfin yẹn náà kò jẹ́ kí wọ́n sọ pé àdéhùn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi bí dókítà bá ní ara yín le, tàbí bí ìwé àṣẹ iṣẹ́ bá jáde. Àyẹ̀wò ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ká tó wá buwọ́ lùwé.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má wá. Èmi náà kò tíì padà. Àmọ́ ẹ dá fídíò dúró ná. Nígbà tí ìwé àdéhùn bá dé, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe èyí tí owó wà nínú rẹ̀ nìkan. Ẹ tún kọ iye nọ́ńbà 9 tí ẹgbẹ́ náà ti ní tẹ́lẹ̀ sí i, àti ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí wọn.