Kì í ṣe atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde ló pa àwọ̀ pósítà yín

Ẹjọ́ kan wà tí kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé, láti Fọ̀lágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Sábó ní Ṣàgámù. DJ tàbí ẹni tó fẹ́ ṣe ijó alẹ́ á gbé àwòrán pósítà wá lórí fóònù: gríìnì tó ń kọ mànà, píǹkì tó fẹ́ gba ojú ẹni, búlúù tó ń tàn yòò. Nígbà tí pépà bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, gríìnì ti di àwọ̀ ẹ̀fọ́ tó ti ṣá, píǹkì ti rọ, búlúù ti di àlùkò. Kíá, wọ́n á ní atẹ̀wé ń ṣahun yíǹkì, tàbí ó fi omi lú u, tàbí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó. Ohun tó sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé, "Ká ti gbé e lọ sí Ṣómólú ni, níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́."

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ bá gbé fáìlì kan náà lọ sí Ṣómólú, tàbí Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, tí wọ́n sì fi yíǹkì mẹ́rin tí gbogbo ayé ń lò (cyan, ìyẹn búlúù tó fara jọ gríìnì, magenta, ìyẹn píǹkì tó le, yẹ́lò àti dúdú) tẹ̀ ẹ́, bó ṣe kú níbí náà ló máa kú lọ́hùn-ún. Owó mọ́tò ni ẹ kàn máa fi kún un. Inú fáìlì ni àwọ̀ náà ti sọnù kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Ojú fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀. Iná pupa, gríìnì àti búlúù kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Bí gríìnì bá tàn dé òpin tí àwọn méjì yòókù sì kú, ẹ ó rí 0-255-0 (nọ́ńbà pupa, gríìnì àti búlúù, láti òdo dé 255), gríìnì tí àwọn tó ń ṣe pósítà orin ijó bíi house, techno àti amapiano fẹ́ràn jù. Pépà ò ní iná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí ti gílóòbù tó bá bọ́ sára rẹ̀ ló ń dá padà fún wa, iṣẹ́ yíǹkì sì ni láti gba díẹ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Cyan ń gba pupa, yẹ́lò ń gba búlúù, èyí tó ṣẹ́ kù ni gríìnì. Ṣùgbọ́n kò sí yíǹkì tó ń mú ìpín tirẹ̀ nìkan. Cyan tó ń gba pupa náà ń bu díẹ̀ jẹ lára gríìnì, nítorí náà gríìnì tó kù sórí pépà ò lè tó èyí tó ń tàn lórí fóònù. Kò sí atẹ̀wé tó lè bẹ yíǹkì kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ká má gbe atẹ̀wé lẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Òun náà máa ń jẹ̀bi nígbà mìíràn, ó sì rọrùn láti mọ̀. Ẹ wo dúdú, yẹ́lò àti pupa lórí pósítà náà. Bí dúdú bá di eérú, tí yẹ́lò náà ṣá, tí ojú ibi tó yẹ kó kún ní kóró funfun wínníwínní, omi ti pọ̀ jù lára ẹ̀rọ, ó ti wọnú yíǹkì. Ẹjọ́ atẹ̀wé nìyẹn, ẹ ní kó tún un tẹ̀. Bí lẹ́tà bá sì ní òjìji pupa tàbí búlúù létí, àwọn plate (pátákó irin tí wọ́n fi ń tẹ yíǹkì kọ̀ọ̀kan) ò bára wọn mu, òun náà ló ni ín. Ṣùgbọ́n bí dúdú bá dúdú dáadáa, tí yẹ́lò mọ́, tí pupa dúró, tó wá jẹ́ pé gríìnì, búlúù àti píǹkì nìkan ló yí padà, ẹ má bá a jà. Ẹni tó ya àwòrán ló ni ẹjọ́ yẹn.

Àwọn kan gbà pé flex, rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe bánà, yàtọ̀. Yíǹkì mẹ́rin kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ flex. Àwọn tó ní mẹ́fà fi cyan fẹ́ẹ́rẹ́ àti magenta fẹ́ẹ́rẹ́ kún un, kí awọ ojú èèyàn lè jáde láìní kóró ni wọ́n ṣe fi wọ́n síbẹ̀, kì í ṣe kí gríìnì lè tàn. Ibi kan ṣoṣo tí flex ti lè sún mọ́ fóònù ni èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí rọ́bà tó ń jẹ́ kí iná kọjá, tí wọ́n nà sójú àpótí oníná níwájú DJ, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú yíǹkì bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ohun tó ń dùn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tó fi àwòrán ṣe orúkọ fún orin ilé ijó yìí ò bá pépà jìjàkadì. Àwọ̀ díẹ̀ tí yíǹkì lè gbé dáadáa ni wọ́n lò. Nígbà tí ayàwòrán Peter Saville ṣe pósítà àkọ́kọ́ fún ijó alẹ́ Factory ní Manchester ní 1978, yẹ́lò àti dúdú ló lò, pẹ̀lú àmì ìkìlọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń daàbò bo etí wọn lọ́wọ́ ariwo. Ọdún yẹn náà ni Karl Klefisch ṣe èèpo àwo "Die Mensch-Maschine" fún Kraftwerk, ẹgbẹ́ olórin tó ń fi ẹ̀rọ kọrin, ní Jámánì: pupa, dúdú, funfun ló jọba lórí rẹ̀. Nígbà tí acid house, ẹ̀yà orin house kan, gba ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1988, ojú yẹ́lò tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n fi dúdú fà, ló kún orí ìwé ìpolówó àti ẹ̀wù. Warp Records, ilé-iṣẹ́ orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sheffield ní 1989, mú àwọ̀ àlùkò kan ṣoṣo, àwọn ayàwòrán The Designers Republic sì fi í ṣe èèpo àwọn àwo wọn títí tó fi di pé àwọ̀ yẹn nìkan tó láti mọ̀ wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù. Yẹ́lò nínú agolo, dúdú nínú agolo: wọn ò po nǹkan kan pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ wọn fi mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí pépà lásán.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó jókòó sídìí CorelDraw, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ní Àgọ́-Ìwòyè ni pé àwọ̀ tó bá wá láti inú yíǹkì kan tàbí méjì ló máa ń mọ́. Ẹ̀kẹta ló ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀.

Láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣí ojú ewé tuntun, ẹ yan CMYK (yíǹkì mẹ́rin ti pépà), kì í ṣe RGB (iná mẹ́ta ti fóònù). Bí àwòrán kan bá ti wà ní RGB tẹ́lẹ̀, ẹ ṣí i ní Photoshop, kí ẹ tẹ Ctrl+Shift+Y: gbogbo ibi tí yíǹkì ò lè dé á di eérú lójú yín, ẹ ó sì rí i kí owó tó jáde. Ẹ má fi ìyípadà náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣe tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí SWOP, òdiwọ̀n ìtẹ̀wé tó bá Photoshop wá: búlúù 0-0-255 á di nǹkan bíi cyan 88, magenta 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàfo àárín méjèèjì ò ju 11 lọ, magenta á sì fà á lọ sínú àlùkò. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yí i sí cyan 100, magenta 60. Ẹ jẹ́ kí magenta fi ó kéré tán 30 rẹlẹ̀ ju cyan, búlúù á sì dúró ní búlúù. Píǹkì 255-0-255 á di cyan 27, magenta 82. Ẹ yọ cyan yẹn dànù, kí ẹ gbé magenta dé 100. Òun ni píǹkì tó mọ́ jù lọ tí ẹ lè rí nínú yíǹkì mẹ́rin. Fún gríìnì, cyan 60, yẹ́lò 100, magenta òdo, dúdú òdo. Kò ní tàn bíi ti fóònù, àmọ́ kò ní ṣá.

Dúdú ilẹ̀ pósítà ló máa ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló lè gba àwọn àwọ̀ yòókù là. Dúdú 0-0-0 tí Photoshop bá fúnra rẹ̀ yí padà máa ń di cyan 75, magenta 68, yẹ́lò 67, dúdú 90: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300. Pépà art tó ń dán lè gbé e tipátipá. Lórí bond 80 gram, pépà lásán tí kò dán, pàápàá nígbà òjò, kò ní gbẹ, á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pósítà tó wà lórí rẹ̀. Ẹ lo cyan 60, magenta 40, yẹ́lò 40, dúdú 100. 240 nìyẹn, ó sì dúdú kanrin. Fún lẹ́tà dúdú kéékèèké, dúdú 100 nìkan. Lẹ́tà funfun tó bá wà lórí ilẹ̀ dúdú mẹ́rin yìí kò gbọdọ̀ kéré ju pọ́íǹtì 9 lọ, kó sì nípọn, torí bí plate kan bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà yà, yíǹkì á dí nọ́ńbà fóònù yín pa.

Ibi tí ọgbọ́n gidi wà rèé. Ẹ wo gílóòbù neon gidi ní alẹ́: àárín rẹ̀ kì í ní àwọ̀, funfun ni, etí rẹ̀ ló ní àwọ̀. Lórí pépà, kò sí ohun tó mọ́lẹ̀ ju pépà funfun fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ DJ máa tàn, ẹ fi àárín lẹ́tà sílẹ̀ ní funfun tí kò ní yíǹkì kankan, ẹ fi magenta 100 yí i ká ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí magenta náà máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wọnú dúdú. Kí gbogbo ohun tó kù nínú pósítà náà pa rọ́rọ́. Ojú ló máa fúnra rẹ̀ ṣe ìyókù. Àwọ̀ mẹ́fà tó ń pariwo lójú ewé kan ń pa ara wọn ni. Ọ̀kan láàárín dúdú ló ń sọ̀rọ̀.

Pépà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bond ń mu yíǹkì, ó sì ń pa àwọ̀. Art paper 135 tàbí 150 gram tó ń dán ló ń jẹ́ kí yíǹkì jókòó sókè. Ó tún ní àǹfààní lórí ògiri: bí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá mu sítáàṣì, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń hàn sókè, pósítà àná á sì máa yọjú nínú tòní. Kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹ̀rún kan, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan lórí pépà kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹyọ tí wọ́n bá tẹ̀ lórí DI, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ tààrà láti kọ̀ǹpútà, ò lè jẹ́rìí fún ohun tí Kord, ẹ̀rọ oní-plate, máa tẹ̀. Ẹnu ọ̀nà, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù tó ń ṣe búlúù nínú ṣọ́ọ̀bù.

Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ neon gidi lẹ fẹ́ dandan lórí pépà, ó wà. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe yíǹkì mẹ́rin ló ń ṣe é. Joseph àti Robert Switzer, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ irú yíǹkì yìí ní ọdún 1930 sí 1939, èyí tó wá di Day-Glo. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ UV tí ojú wa ò rí, ó sì ń dá a padà ní àwọ̀ tí ojú ń rí, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn ju pépà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú ìwé àwọ̀ Pantone, tí àwọn atẹ̀wé fi ń dárúkọ àwọ̀ ní nọ́ńbà, 801 dé 807 ni ẹ máa bá wọn: 802 ni gríìnì, 806 ni píǹkì.

Ìtẹ̀ orí síìlì (screen printing), níbi tí wọ́n ti ń fa yíǹkì gba ojú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá, ló bá a mu jù fún ọgọ́rùn-ún pósítà tàbí igba. Káàdì funfun 200 sí 250 gram ni kí ẹ lò. Neon ò nípọn tó láti bo dúdú, lórí káàdì dúdú ó máa kú àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ funfun sábẹ́ rẹ̀. Mesh, ìyẹn aṣọ síìlì náà, tó jẹ́ 77T dáa. 120T tín-ín-rín jù, ìwọ̀nba yíǹkì tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò ní tàn. Ẹ tẹ neon kọ́kọ́, ní ojú kíkún, kì í ṣe ní kóró kóró, torí kóró ń jẹ́ kí funfun là á láàárín, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí owó bá gbé e, kí ẹ wá fi dúdú tẹ̀ lé e. Kí dúdú gun orí neon ní ààbọ̀ mìlímítà dé mìlímítà kan, kí funfun má bàa yọ létí bí síìlì bá sún díẹ̀. Oòrùn ń yára pa neon, nítorí náà inú gbọ̀ngàn tàbí abẹ́ ìbòòji ni ibi tirẹ̀. Fún ògiri ìta gbangba, yẹ́lò àti dúdú ló máa pẹ́. Bí ẹ bá sì ń ra gílóòbù UV sínú gbọ̀ngàn, ẹ mọ̀ pé pósítà yíǹkì mẹ́rin ò ní tàn lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni pépà funfun tó ń ṣe búlúù, nítorí èròjà tó ń mú pépà funfun sí i tí wọ́n ti fi sínú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ pépà.

Fún àwo orin náà, fáìlì méjì ni: ọ̀kan ní RGB, 3000 sí 3000 píksẹ́lì, fún íntánẹ́ẹ̀tì, neon bó ṣe wù yín, èkejì ní CMYK, 300 dpi, pẹ̀lú mìlímítà 3 lé ní etí kọ̀ọ̀kan fún gígé, fún èèpo CD oníwọ̀n 12 sẹ̀ǹtímítà tàbí àpò fáínììlì tó lé díẹ̀ ní 31. Ẹ má fi ọ̀kan ṣe méjì. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ní document ni kí ẹ fi fáìlì náà lọ, torí bó bá lọ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp máa fún un kéré. Yíǹkì neon ò sì sí lórí àtẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù: lásìkò Iléyá tí àwọn Rẹgbẹ́rẹgbẹ́ ń tẹ nǹkan fún Ojúde Ọba, ẹ ti bá atẹ̀wé sọ nọ́ńbà Pantone tí ẹ fẹ́ ṣáájú, kó lè ránṣẹ́ ra á.