Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀: ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń jìyà láàárín wa

Àwọn àgbà máa ń wí pé bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké á máa gorí ẹni. A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí láńdílọ́ọ̀dù tún wá tilé mọ́ ọn. Àmọ́ tó bá kan ọmọdé, lójú tèmi, ó máa ń yí padà: èyí tá a kà sí kékeré ló ń gbé ọmọ ṣánlẹ̀, ńlá á wá gorí ẹ̀.

Ẹ mú ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní Nyanya tàbí Mararaba lápá Abuja níbí, irú èyí tí wọ́n mú wá látilé pé wọ́n máa rán an lọ súkúù, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Súkúù ò wá sí mọ́, ẹ̀pà ló ń kiri lábẹ́ bíríìjì, kò jẹun àárọ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ibo lo wà tílẹ̀ fi ṣú. A ò ka ìyẹn sí, àá ní nǹkan le ni, nǹkan sì le lóòótọ́. Ó wá dọjọ́ kan, owó ẹ̀pà dín 500 náírà torí ebi pa á, ó fi ra búrẹ́dì, àǹtí ẹ̀ fi wáyà nà án, ó pè é lólè, ó pè é lájẹ̀ẹ́. Nígbà tówó tún dín, ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí aago mẹ́sàn-án alẹ́, bọ̀ọ̀dá kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ wá ní kó má sunkún mọ́, òun á bá a dí owó yẹn, kó ṣáà gbé àtẹ ẹ̀ tẹ̀ lé òun wọ yàrá.

Ẹ wò ó dáadáa. Ebi ló fa owó tó dín, owó tó dín ló fa ẹgba, ẹgba ló fa ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù ló gbé e lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́, èébú tí wọ́n ti ń bú u ló sì dí i lẹ́nu, torí ta ló máa gba olè àti àjẹ́ gbọ́? Ọkùnrin yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. (Mi ò sọ pé ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú ò lè kó sọ́wọ́ irú wọn o.)

Kì í ṣe àròsọ. Ní 1998, Vincent Felitti àti Robert Anda gbé ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n bi àwọn àgbàlagbà nípa ìgbà èwe wọn, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ irú ìyà kan ló tún jẹ òmíràn mọ́ ọn, bí oríṣi ìyà náà sì ṣe ń pọ̀ sí i ni àìsàn ọkàn àti ọtí àmujù ń pọ̀ sí i tí wọ́n bá dàgbà. Nílé wa níbí, ìwádìí tí ìjọba àti UNICEF ṣe ní 2014 sọ pé bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ń rí ìwà ipá kí wọ́n tó pé 18.

Àwa Yorùbá tá a wà lókè ọya níbí, a mọ bí wọ́n ṣe ń káàánú almajiri tó gbé abọ́ dání, a sì ní tiwa ní kíṣìn. Tíṣà náà, ọmọ sùn ní kíláàsì, yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ dọ̀tí, ó fà á dìde ó nà án, kò béèrè ibi tó sùn. Pásítọ̀ míì á tún ní ká fi ààwẹ̀ lé àjẹ́ kúrò lára ẹ̀, ọmọ tébi ti ń pa tẹ́lẹ̀!

Ibi tá a ti ń ṣì í jù nìyí: tí wọ́n bá ti mú ọkùnrin yẹn, a ti pàtẹ́wọ́, a dá ọmọ padà sílé tí wáyà wà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, ka fífi ọmọ kiri ọjà pàápàá sí ẹ̀ṣẹ̀, òfin VAPP ti 2015, tó de ìwà ipá, náà sì wà ńlẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ní 627, ẹ má sọ ti ọkùnrin yẹn nìkan, ẹ sọ ti wáyà, ẹ sọ ti ẹ̀pà, ẹ sọ pé kò lọ súkúù, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé ilé ta ló máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.